Ọ̀rọ̀ Nìkan Ló Kù: Ìṣelámèyítọ́ Èdè Yorùbá Nínú Ètò Ìlera Orí Ẹ̀rọ Láti Ojú Aláìsàn

Ìfáàrà

Ní ọdún 2019, Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé ìwé ìlànà kan jáde lórí bí a ṣe lè fi ẹ̀rọ ayárabíàṣá àti fóònù mú ètò ìlera lágbára sí i. Lára ohun tí ìwé náà fọwọ́ sí ni kí ètò ìlera máa fi fóònù ránṣẹ́ sí àwọn aláboyún, ìyá ọlọ́mọ àti àwọn mìíràn tí ọ̀rọ̀ ìbímọ àti ìtọ́jú ọmọ kàn. Ṣùgbọ́n ó fi àdéhùn kan lé e: a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wá ojútùú sí ọ̀rọ̀ tó gba ìpamọ́ àti sí àṣírí ẹni tí a ń ránṣẹ́ sí. Lónìí, kì í ṣe ohun ìyanu mọ́ ní ilẹ̀ Yorùbá kí ènìyàn forúkọ sílẹ̀ lórí fóònù kó tó rí dókítà, kí àtẹ̀jíṣẹ́ máa rán an létí ọjọ́ tí yóò padà wá, tàbí kí ó bá oníṣègùn sọ̀rọ̀ láti inú yàrá rẹ̀.

Bí a bá fẹ́ mọ̀ bóyá irú ètò bẹ́ẹ̀ dára, ohun tí a sábà máa ń kà ni iye ẹni tó forúkọ sílẹ̀, iye àtẹ̀jíṣẹ́ tó jáde, iye ìṣẹ́jú tí aláìsàn fi dúró, àti ìràwọ̀ mélòó ni òǹlò fún un. Àwọn òǹkà wọ̀nyí wúlò, ṣùgbọ́n ojú ẹni tó ni ètò ni wọ́n fi ń wò ó. Ẹni tó wà lórí ibùsùn ní ìbéèrè tirẹ̀: Ṣé wọ́n gbọ́ ohun tí mo sọ? Ṣé mo gbọ́ ohun tí wọ́n sọ fún mi? Èrò wa nínú iṣẹ́ yìí ni pé ìbéèrè èdè ni méjèèjì kí wọ́n tó di ìbéèrè ẹ̀rọ, àti pé lámèyítọ́ ní irinṣẹ́ láti fi dáhùn wọn. Àtẹ̀jíṣẹ́ ilé ìwòsàn ní ẹni tó kọ ọ́, ó ní ẹni tí a kọ ọ́ sí, ó sì ní ohùn. A lè kà á bí a ti ń ka ewì tàbí eré-oníṣe: Ta ló ń sọ̀rọ̀? Ta ló rò pé òun ń bá sọ̀rọ̀? Kí ni kò fi àyè sílẹ̀ fún?

Àwa la ṣẹ̀dá àwọn àpẹẹrẹ tó wà nínú iṣẹ́ yìí. A ṣe wọ́n ní àwòṣe irú ọ̀rọ̀ tí aláìsàn máa ń bá pàdé. A kò fi wọ́n bá ilé iṣẹ́ kankan wí.

“A dúpẹ́” kì í ṣe èsì àyẹ̀wò

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí ìkíni. Ẹ̀rọ pe aláìsàn ní ọjọ́ kẹta tó kúrò ní ilé ìwòsàn, ó ní: “Ẹ káàárọ̀. Ṣé ara yín le?” Aláìsàn dáhùn pé: “A dúpẹ́.” Ẹ̀rọ kọ ọ́ sílẹ̀ pé ara ti yá.

Gbogbo ẹni tó gbọ́ Yorùbá ló mọ̀ pé ìdáhùn yìí kò sọ nǹkan kan nípa ara. Ìkíni ni “Ṣé ara le?”; ìdáhùn rẹ̀ ti wà nílẹ̀ kí ẹni tí a kí tó la ẹnu. Ẹni tí ibà ń gbọ̀n lórí ẹní yóò kọ́kọ́ dúpẹ́, lẹ́yìn náà ni yóò mí kanlẹ̀, tí yóò ní, “Orí yìí ló kù.” Ìgbà tí ẹni tó kí i bá fa àga sún mọ́ ọn, tó tún un bi, ni ọ̀rọ̀ gan-an ń jáde. Nọ́ọ̀sì tó gbọ́ èdè mọ èyí láìjẹ́ pé a kọ́ ọ nílé ìwé. Ó máa ń dúró de gbólóhùn kejì. Ẹ̀rọ tí a ṣe láti gba ìdáhùn kan ṣoṣo kò lè dúró dè é.

Ohun kan náà ló ń ba ìwádìí ìtẹ́lọ́rùn jẹ́. “Ṣé inú yín dùn sí ìtọ́jú tí ẹ gbà?” Lójú Yorùbá, ẹni tó tọ́jú ni ti ṣe ni lóore, a kì í sì í fi ẹnu tí a fi dúpẹ́ oore bu ẹni tó ṣe é kù. Aláìsàn tó sì mọ̀ pé òun yóò tún padà síbẹ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ tún ní ìdí mìíràn tí kò fi ní tú gbogbo inú rẹ̀ síta. Bí ọ̀pọ̀ òǹlò bá wí pé inú àwọn dùn, ó lè jẹ́ òótọ́. Ó sì lè jẹ́ pé ọmọlúàbí ni àwọn tí a bi léèrè. Ìbéèrè tó sàn jù ni èyí tí kì í tọrọ ọpẹ́: Kí ni wọ́n ní kí ẹ máa lò? Ẹ̀ẹ̀melòó lójúmọ́? Kí ni wọ́n ní kí ẹ ṣe bí ara bá tún gbóná? Ìdáhùn sí irú ìbéèrè yìí ń fi hàn bóyá ọ̀rọ̀ wọlé sí aláìsàn létí. Kì í ṣe ẹ̀kọ́ ilé rẹ̀ ni ó ń wọ̀n.

Ohun tí aláìsàn wí àti ohun tí fọ́ọ̀mù gbà

Fọ́ọ̀mù orí ẹ̀rọ máa ń to àmì àìsàn kalẹ̀ kí aláìsàn lè mú èyí tó bá tirẹ̀ mu. Bí a bá kàn túmọ̀ àtòjọ náà láti inú Gẹ̀ẹ́sì ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ìṣòro ti dé, nítorí pé Yorùbá kò pín ara bí Gẹ̀ẹ́sì ti pín in. Láti itan dé ọmọ ìka, ẹsẹ̀ ni. Gẹ̀ẹ́sì ní ọ̀rọ̀ kan fún apá òkè, ó ní òmíràn fún apá ìsàlẹ̀. Obìnrin tó ní “inú ń run mí” lè máa sọ nípa oúnjẹ tó jẹ, ó sì lè máa sọ nípa nǹkan oṣù rẹ̀. Ẹni tó ní “àyà mi ń já” lè jẹ́ pé ẹ̀rù ló ń bà á, ó sì lè jẹ́ pé ọkàn rẹ̀ ń lù ju bó ṣe yẹ lọ; “àyà dídùn” tó wà nínú àtòjọ kò bá èyíkéyìí nínú méjèèjì mu.

Orúkọ àrùn tún le ju ti ẹ̀yà ara lọ. Lẹ́nu ọ̀pọ̀ ènìyàn, ibà ni ara gbígbóná, ibà náà sì ni àìsàn tí ẹ̀fọn ń kó ranni. Fọ́ọ̀mù tó béèrè pé “Ṣé ẹ ní ibà?” ti béèrè ìbéèrè méjì pọ̀, ọ̀kan lórí àmì, èkejì lórí àrùn. Jẹ̀díjẹ̀dí ńkọ́? Orúkọ yìí lè kó ìdí yíyọ, ẹ̀jẹ̀ inú ìgbẹ́ àti ẹ̀yìn dídùn pọ̀ sójú kan, ó sì gbé àlàyé ohun tó fà á dání, ìyẹn ohun dídùn tí a jẹ ní àjẹjù. Ẹ̀rọ tó bá sọ ọ́ di àrùn kan ṣoṣo nínú ìwé oníṣègùn òyìnbó ti ju ìdajì ọ̀rọ̀ aláìsàn nù.

Àdàpè náà wà níbẹ̀. Obìnrin tó ní òun kò tíì rí nǹkan òun láti oṣù tó kọjá kò ní kí a wá ohun tó sọnù fún òun. Ẹni tí wọ́n ní “ó ti fẹ́ra kù”, oyún ló ní. Yorùbá kì í pe gbogbo nǹkan ní orúkọ rẹ̀, pàápàá níwájú ẹni tí kò mọ̀ rí. Bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀rọ sì jẹ́ àlejò sí gbogbo ènìyàn.

Orúkọ tí ètò ìlera fúnra rẹ̀ ń lò gba àyẹ̀wò pẹ̀lú. Nígbà tí àrùn AIDS kọ́kọ́ dé, tí kò sí oògùn tó kápá rẹ̀, Yorùbá pè é ní àrùn éèdì kògbóògùn. Ọgbọ́n wà nínú orúkọ náà: ó jọ ti Gẹ̀ẹ́sì létí, ó sì mú èèdì wá sọ́kàn olùgbọ́, ohun tí ọ̀tá fi ń de ènìyàn lọ́wọ́ lẹ́sẹ̀. Ṣùgbọ́n láti ọdún 1996 ni a ti mọ̀ pé àpapọ̀ oògùn lè tẹ kòkòrò HIV mọ́lẹ̀. Ẹni tó bá ń lò ó déédéé lè gbó, kó tọ́. Wàyí o, ẹ wo àtẹ̀jíṣẹ́ tó ń sọ fún aláìsàn pé kó má ṣe gbàgbé oògùn àrùn kògbóògùn rẹ̀. Orúkọ àrùn ti tako iṣẹ́ tí a rán. Bí kò bá gbóògùn, kí ni aláìsàn ń lo oògùn sí? Ẹni tó ń kọ àtẹ̀jíṣẹ́ lè má kíyè sí i. Ẹni tó ń gbé hóró oògùn mì lálaalẹ́ ń gbọ́ ọ dáadáa.

Àmì ohùn àti iye owó rẹ̀

Wọ́n máa ń sọ pé àìnáání àwa tí a ni èdè ló fà á tí àtẹ̀jíṣẹ́ Yorùbá kì í fi í ní àmì ohùn. Òtítọ́ wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ìdajì rẹ̀ wà nínú ìṣirò ẹ̀rọ. Àtẹ lẹ́tà tí a kọ́kọ́ ṣe fún àtẹ̀jíṣẹ́ fóònù gba ẹyọ lẹ́tà 160 lẹ́ẹ̀kan. Bí lẹ́tà kan ṣoṣo tí kò sí nínú àtẹ náà bá wọlé, gbogbo àtẹ̀jíṣẹ́ náà yóò bọ́ sí ìlànà mìíràn tó gba 70 péré. Àtẹ náà ní à, è, ì, ò àti ù, nítorí pé àwọn èdè kan ní Yúróòpù ń lò wọ́n. Nínú fáwẹ̀lì tó ní àmì òkè, é nìkan ló wà níbẹ̀: kò sí á, kò sí í, kò sí ó, kò sí ú. Ẹ, ọ àti ṣ náà kò sí. Síwájú sí i, ẹ́ tàbí ọ̀ kò ní ojú kan ṣoṣo nínú àtẹ Unicode. Ẹ̀rọ ń ka lẹ́tà sí ọ̀kan, ó ń ka àmì orí rẹ̀ sí òmíràn. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ tó jẹ́ lẹ́tà 100, tí ìbá lọ ní àtẹ̀jíṣẹ́ kan láìní àmì, di méjì nígbà tí a bá fi àmì sí i. Ẹni tó ń rán an ni yóò san owó méjì. Àmì ohùn kì í ṣe ọ̀ṣọ́ tí ètò gbàgbé. Ìnáwó ni, ètò sì yọ ọ́ kúrò.

Kí ni aláìsàn pàdánù? Níbi tí gbólóhùn bá ti ṣe kedere, kò pàdánù púpọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo èyí: “Se oogun n po lara yin loru?” Òógùn tó ń bo ni lóru ni oníṣègùn ń béèrè, nítorí pé ó wà lára àmì ikọ́ fée. Aláìsàn kà á sí oògùn, ó rò pé wọ́n ń bi òun bóyá oògùn tí òun ń lò lálẹ́ ti pọ̀ jù. Ó dáhùn pé rárá. Ẹ̀rọ gba rárá náà, ó sì kọjá sí ìbéèrè tó kàn.

Àṣìṣe mìíràn wà tí àmì ohùn kò lè tún ṣe. Bí a bá kọ ọ́ pé “Ẹ lo hóró méjì lẹ́ẹ̀mẹ́ta lójúmọ́”, ẹlòmíràn lè rò pé méjì ni gbogbo rẹ̀. “Méjì méjì lẹ́ẹ̀mẹ́ta” ni apoògùn tó gbọ́ Yorùbá máa ń sọ. Àpètúnpè yẹn ló jẹ́ kó dájú pé méjì ni nígbà kọ̀ọ̀kan. Gírámà ni, ìwọ̀n oògùn sì ni.

O, Ẹ, àti ẹni tó di fóònù mú

Arọ́pò-orúkọ kan náà ni Gẹ̀ẹ́sì fi ń bá ọmọ ọwọ́ àti baba àgbà sọ̀rọ̀. Láti oṣù Kejìlá ọdún 2013 tí Google ti fi Yorùbá kún àwọn èdè tí ẹ̀rọ rẹ̀ ń túmọ̀, ìtumọ̀ di ohun tí ẹnikẹ́ni lè rí láàárín ìṣẹ́jú kan. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ̀rọ bá pàdé arọ́pò-orúkọ Gẹ̀ẹ́sì yìí, kò sí ohun tó sọ fún un bóyá ọmọdé ni tàbí àgbà. Bí ó bá mú o, ìyá ẹni àádọ́rin ọdún yóò gba ọ̀rọ̀ pé, “Ṣé o ti lo oògùn rẹ?” Ẹjọ́ ìwà ni ìyá náà yóò kọ́kọ́ dá; ọ̀rọ̀ oògùn lè má kàn án mọ́. Bí a bá sì sọ gbogbo rẹ̀ di ẹ, ìbéèrè mìíràn yọjú: ṣé ẹnì kan ni àbí gbogbo ilé? Orúkọ ló ń yanjú èyí. Nọ́ọ̀sì yóò pe “Ìyá Táyọ̀”, ọ̀wọ̀ àti ìdánimọ̀ yóò sì wà nínú ìpè kan. Fọ́ọ̀mù béèrè orúkọ àbísọ àti orúkọ bàbá. Kò béèrè ohun tí wọ́n ń pè yín.

Àwọn àgbà ní ojú lọ̀rọ̀ wà. Nínú yàrá dókítà, aláìsàn ń rí ẹni tó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀. Lórí fóònù, kò rí i, ẹni tó ń sọ̀rọ̀ kò sì rí ẹni tó di fóònù mú. Nínú ọ̀pọ̀ ilé, ọmọ tàbí ọmọ-ọmọ ló ń ka àtẹ̀jíṣẹ́ fún àgbà. Òfin Ìlera ti Orílẹ̀-èdè Nàìjíríà, ti ọdún 2014, sọ ní abala 26 pé ọ̀rọ̀ ìlera aláìsàn jẹ́ àṣírí; Òfin Ìdáàbòbò Dátà ti ọdún 2023 kà á mọ́ dátà ẹlẹgẹ́. Òfin méjèèjì lè mú ilé iṣẹ́ tó tú àṣírí síta. Wọn kò lè mú ọmọ ọdún mẹ́tàlá tó ń ka èsì àyẹ̀wò ìyá àgbà rẹ̀ sókè ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Níbí, àdàpè tó dí fọ́ọ̀mù lọ́wọ́ lókè di ààbò. “Ẹ jọ̀wọ́, ẹ rántí àdéhùn wa ti Ọjọ́bọ̀” sọ gbogbo ohun tí aláìsàn fẹ́ mọ̀. Kò sì sọ nǹkan kan fún ẹlòmíràn.

Àwòṣe kan láti inú ìdáfá

Lítíréṣọ̀ alohùn Yorùbá ní àwòṣe ìfọ̀rọ̀wérọ̀ láàárín ẹni tó ní ìṣòro àti ẹni tó ní ìmọ̀. Nínú ìdáfá, gẹ́gẹ́ bí àwọn onímọ̀ bíi William Bascom àti Wándé Abímbọ́lá ti ṣàlàyé rẹ̀, ẹni tó wá lè sọ ìṣòro rẹ̀ wúyẹ́wúyẹ́ sí owó tó mú wá, láìsọ ọ́ fún babaláwo. Babaláwo yóò ki ẹsẹ Ifá tó wà nínú odù tó jáde. Ẹni tó wá ni yóò dá èyí tó bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ mu mọ̀. Ìbò sì wà láti fi tọpinpin ibi tí ọ̀rọ̀ bá kù sí.

A kò wí pé kí ilé ìwòsàn di ojúbọ, a kò sì wí pé kí aláìsàn fi àìsàn pamọ́ fún dókítà. Ohun méjì ni lámèyítọ́ rí mú níbẹ̀. Èkínní, ọwọ́ ẹni tó ni àṣírí ni àṣírí wà láti ìbẹ̀rẹ̀. Èkejì, ìdáhùn kò tíì pé títí ẹni tó béèrè yóò fi sọ pé ọ̀rọ̀ òun nìyẹn. Ètò tó parí síbi tí ẹ̀rọ ti sọ tirẹ̀ tán, tí kò fún aláìsàn ní àyè láti wí pé “Èyí kọ́ ni mo sọ”, kò tíì dé ìdajì ọ̀nà.

Ohun tí ẹ̀rọ ń ṣe dáadáa

Kò yẹ kí ìṣelámèyítọ́ di ẹ̀gàn. Aláìsàn tó ń ti abúlé kan lẹ́bàá Ìṣẹ́yìn wá rí dókítà ní Ìbàdàn mọ owó ọkọ̀ tí ìpè kan lè dá sílẹ̀ fún un, ó sì mọ wákàtí tí yóò fi jókòó lórí bẹ́ńṣì. Ọ̀dọ́ tí ojú ń tì láti béèrè ọ̀rọ̀ abẹ́ lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì àdúgbò lè béèrè lọ́wọ́ ẹ̀rọ, nítorí pé ẹ̀rọ kò mọ ìyá rẹ̀. Nígbà COVID-19 ní ọdún 2020, ẹni tó wà nínú ilé lè pe nọ́ńbà 6232 ti àjọ NCDC láìjáde. Ohùn tí a gbà sílẹ̀ tún ní èrè tí àtẹ̀jíṣẹ́ kò ní: ó ń gbé àmì ohùn rẹ̀ rìn lọ́fẹ̀ẹ́, ó sì ń bá ẹni tí kò mọ̀wé kà sọ̀rọ̀.

Ṣùgbọ́n àwọn èrè wọ̀nyí gan-an ló sọ ọ̀rọ̀ èdè di dandan. Ẹni tó fi ìpè kan rọ́pò ìrìn-àjò ti fi ìwòsàn rẹ̀ lé ọ̀rọ̀ lọ́wọ́. Kò sí ọwọ́ tó ń tẹ inú rẹ̀ wò, kò sí ojú tó ń wo bó ṣe ń rìn wọlé, kò sí ẹni tó rí i pé ó di ẹ̀gbẹ́ mú nígbà tó ń jókòó. Ọ̀rọ̀ nìkan ló kù. Bí ọ̀rọ̀ náà bá kùnà, kò sí ohun mìíràn tí yóò gbà á sílẹ̀.

Àgbálọgbábọ̀

Abala 23 nínú Òfin Ìlera ti ọdún 2014 ní kí olùtọ́jú, níbi tó bá ti ṣeé ṣe, sọ̀rọ̀ fún aláìsàn ní èdè tó gbọ́, kí ó sì ro bí ìmọ̀ọ́kọ-ìmọ̀ọ́kà rẹ̀ ti tó. Òfin náà kò yọ ẹ̀rọ sílẹ̀. Ohun tí a ti sọ lókè fi hàn pé títúmọ̀ sí Yorùbá nìkan kò tíì mú un ṣẹ. Ìbéèrè mẹ́rin ni a dábàá fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ díwọ̀n irú ètò yìí láti ojú aláìsàn. Ǹjẹ́ aláìsàn lè fi ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ sọ àìsàn rẹ̀ kí àtòjọ tó dé? Ǹjẹ́ ó lè sọ ohun tí wọ́n sọ fún un padà, kí ó sì tọ́ ẹ̀rọ sọ́nà bí ó bá ṣì í gbọ́? Ǹjẹ́ wọ́n pè é bí ó ṣe yẹ kí a pe ẹni bíi tirẹ̀? Bí ọ̀rọ̀ náà bá bọ́ sí ọwọ́ ẹlòmíràn, ǹjẹ́ àṣírí rẹ̀ ṣì bò?

Iṣẹ́ yìí kò gbọdọ̀ parí sórí ìwé. Ní Ìbàdàn, ní Ilé-Ifẹ̀ àti ní Èkó, yunifásítì tó ní ilé ìwòsàn ìkọ́ṣẹ́ ní àwọn tó ń kọ́ni ní èdè Yorùbá pẹ̀lú. Kò gba owó púpọ̀ kí apá méjèèjì jókòó pọ̀, kí wọ́n mú àtẹ̀jíṣẹ́ mẹ́wàá tó ń jáde lọ́wọ́lọ́wọ́, kí wọ́n kà wọ́n fún àwọn àgbà tó ń dúró de dókítà, kí wọ́n sì ní kí àgbà kọ̀ọ̀kan sọ ohun tó gbọ́. Ibi tí ohun tí a sọ àti ohun tí a gbọ́ bá ti yàtọ̀ síra ni kí a ti bẹ̀rẹ̀ àtúnṣe.